Orúkọ Ọbẹ̀

Òfin mẹ́jọ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ara fìríìjì
ní ilé àlejò olówó-pọ́ọ́kú kan ní Halifax,
níbi tí kùrukùru ti ń gòkè bọ̀ láti orí omi láàárọ̀
bí ará ilé kejì tó wá tọrọ iyọ̀.
Mo kà wọ́n tán kí n tó sọ ẹrù kalẹ̀.
Má jẹun lórí bẹ́ẹ̀dì: eku ń gbọ́.
Má gbé ọtí ìta wọlé.
Agogo mẹ́wàá alẹ́, ilé ìdáná di títì.
Fọ abọ́ rẹ, ìyá rẹ kò sí níbí:
bíírò pupa ni wọ́n fi fa ìlà sídìí ìyẹn.
Kọ orúkọ rẹ sára oúnjẹ rẹ;
èyí tí kò bá lórúkọ, ààtàn ni, ní gbogbo Ọjọ́bọ̀.

Mo dúró lórí èyí.
Ní Ìkìrun, ta ní í kọ orúkọ sára ìkòkò?
Ẹni tó bá ká wa mọ́ ìdí oúnjẹ, "Ẹ bá wa ire" la máa ń wí,
a ó sì sún abọ́ díẹ̀ sápá ọ̀dọ̀ rẹ̀.
Ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n tó sọ èmi gan-an lórúkọ,
wọ́n fi oyin tọ́ mi lẹ́nu, wọ́n fi iyọ̀ tẹ̀ lé e.
Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí mo sè lọ́jọ́ Ajé kò rí ààyè ọjọ́ mẹ́jọ.
Inú ike áísìkiriimù ni mo bù ú sí,
ike tó ṣì ń purọ́ pé fàníílà lòun;
mo kọ MORÁDÉKẸ́ sí ìdérí,
mo fàmì sórí, mo fàmì sábẹ́,
bí ẹni pé Doreen alábòójútó yóò kà á.

Alẹ́ Ọjọ́rú, ibi tí mo lọ wáṣẹ́ jìnnà,
bọ́ọ̀sì já mi sílẹ̀ nígbà tí agogo mẹ́wàá ti kọjá.
Mo fi iwájú orí ti gíláàsì ilẹ̀kùn ilé ìdáná,
mo ń gbọ́ fìríìjì tó ń kùn, ọbẹ̀ mi nínú rẹ̀.
Wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.
Àwọn tó pa á lówe kò tíì sùn sílé Doreen:
òfin ti wọnú mi kí ebi tó dé.

Gaàrí ló kù nínú báàgì mi, omi ò sí nítòsí.
Mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì borí, mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan sẹ́nu.
Gaàrí gbígbẹ kò mọ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ.
Wómúwómú. Mo dákẹ́. Wómú. Mo tún dákẹ́.
Bẹ́ẹ̀dì òkè dún.
Ọwọ́ kan sọ̀ kalẹ̀ nínú òkùnkùn,
mo rò pé ó fẹ́ gbá mi létí ni,
àṣé àtẹ́lẹwọ́ ló ṣí sílẹ̀.
Odile ni, ọmọ Rimouski,
tí Doreen ti gba ìgò ọtí èso ápù rẹ̀ tì mọ́ inú ọ́fíìsì,
tó so orúkọ mọ́ ọn lọ́rùn
bí wọ́n ti ń so ó mọ́ ọmọ tuntun lọ́wọ́ ní ọsibítù.
Mo bu fún un.
Òkè ń rún, ìsàlẹ̀ ń rún,
a ò sọ̀rọ̀. Èdè wo ni a fẹ́ fi sọ ọ́?

Ilẹ̀ mọ́ di Ọjọ́bọ̀. Doreen gbé àpò dúdú dé,
ó ń pe orúkọ bí olùkọ́ tó ń pe rẹ́jísítà.
Wàràkàṣì ẹnì kan lọ. Ìlàjì páì kan lọ.
Ó fa ike mi yọ: otútù ti sunkún sórí ìdérí,
tàdáwà ti ṣàn, KẸ́ nìkan ló kù.
"Ta ni Kẹ́?" Mo ṣì ń ṣa Gẹ̀ẹ́sì jọ
nígbà tí Odile ti dìde: "Èmi ni."
Ó gba bíírò, ó kọ orúkọ tirẹ̀ gàgàrà sí i.
Báyìí lọbẹ̀ Ìkìrun ṣe di ọmọ Rimouski.

Doreen wò ó, ó wò mí, ó ti fìríìjì.
Lọ́sàn-án, a ń fi búrẹ́dì jẹ ẹ́,
ata ti gbomi lójú Odile, ni Doreen bá wọlé.
Mo ní, "Ẹ bá wa ire." Ó ní òun ti jẹun,
ṣùgbọ́n ó jókòó.

Lálẹ́, òfin kẹsàn-án ti wà lára fìríìjì, tàdáwà rẹ̀ kò tíì gbẹ:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọn iyanrìn etí òkun kúrò lára yín
kí ẹ tó gorí bẹ́ẹ̀dì.